Kí Bàálù Tó Gbéra: Ìmúra Mẹ́kà Nígbà Tiwa

Lọ́dún 1974, ẹ̀ẹ̀mejì ni hájì wáyé nínú ọdún kan ṣoṣo. Èkínní bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, èkejì bọ́ sí apá ìparí oṣù kejìlá, torí pé oṣù ojú ọ̀run la fi ń ka ọjọ́ hájì, ọdún rẹ̀ sì fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti òyìnbó. Èkejì yẹn ni ẹgbẹ́ tiwa bá lọ láti Ìwó. Mi ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, owó oṣù mi kò sì tó nǹkan kan lára owó Mẹ́kà. Àbúrò bàbá mi tó ń ra kòkó ló san án fún mi, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lọ lé ní ogójì, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé òyìnbó, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò máa bá wọn ka fọ́ọ̀mù. Lẹ́mọ́mù wa dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní, "Tíṣà ni akọ̀wé," ọ̀rọ̀ sì parí.

Nǹkan tuntun ṣì ni bàálù lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó lọ ṣáájú wọn, orí ilẹ̀ ni wọ́n gbà: láti Kánò dé Màídúgùrì, wọ́n á la Ṣáàdì kọjá sí Sùdáánì, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá Òkun Pupa sí Jẹ́dà. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ nínú oko òwú ní Sùdáánì kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ tó kù. Àwọn kan bímọ sójú ọ̀nà, àwọn kan kò sì padà wálé mọ́ títí di òní. Ìran wọn ṣì wà lọ́hùn-ún. Bàálù sọ ìrìn ọdún di ìrìn wákàtí. Àmọ́ ìwé tí bàálù ń béèrè, ọkọ̀ ilẹ̀ kò béèrè ìdajì rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi sì ti bẹ̀rẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn. Ta ló mọ̀ ọ́n? Mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè, mo ní, "Ìyá, ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀yìn ni mo wà nígbà tí lùkúlùkú ń pa àwọn èèyàn." Ọ̀fìnkìn burúkú tó jà káàkiri ayé lọ́dún 1918 ni lùkúlùkú. Bí ìyá bá wà lẹ́yìn nígbà náà, a jẹ́ pé wọn kò tí ì ju ọmọ ọdún kan àbọ̀ lọ. Mo kọ 1917. Bàbá kan fi ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn ṣe ìṣirò tiwọn. Òmíràn ní kí n ṣá fi òun ṣáájú lágbájá, ẹni tó ń bú òun pé òun kì í ṣe àgbà. Kóòtù bá wa fi òǹtẹ̀ lu gbogbo rẹ̀, ó di ìwé ìbúra. Bí mi ò bá rí ọjọ́ kan pàtó dìmú, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni mò ń kọ. Nígbà tó yá, tí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún fún wọn, ọjọ́ tí mo kọ yẹn ni wọ́n fi ń gé kéèkì. Èmi náà lọ jẹ nínú rẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ló kan abẹ́rẹ́. Ẹ̀rí àjẹsára mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà nínú yẹ́lò káàdì nígbà náà: ti ìgbóná, ti ibà pọ́njú àti ti onígbáméjì. Ti ibà pọ́njú ń lò fún ọdún mẹ́wàá, ti ìgbóná fún ọdún mẹ́ta, ti onígbáméjì kò ju oṣù mẹ́fà lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yára gbà á jù fi ń tún un gbà. Onígbáméjì kò nílò àlàyé fún ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí gbogbo wa ló rí ohun tó ṣe nílẹ̀ yìí lọ́dún 1971. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n ń ta káàdì tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí fún ẹni tó bá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Lẹ́mọ́mù gbọ́ pé ẹni méjì nínú wa ti ra á. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní kí àwọn méjèèjì tẹ̀lé mi lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì mú káàdì tí wọ́n rà náà dání fún nọ́ọ̀sì wò. Àwọn méjèèjì gba abẹ́rẹ́ tiwọn, apá wọn sì wú.

Ẹ̀rù tó tóbi jù kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, bàálù Boeing 707 kan ń kó àwọn àlàájì bọ̀ láti Jẹ́dà. Èkó ló ń lọ, ojú ọjọ́ kò dára ní Èkó, ó yà sí Kánò, ibi tó sì ti fẹ́ balẹ̀ níbẹ̀ ló ti fọ́ tó sì gbiná. Èèyàn 176 ló kú. Nígbà náà, kò tí ì sí ìjàǹbá bàálù kan láyé tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwa ń múra, kò tí ì pé ọdún méjì. Kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ẹnì kan kò ní béèrè pé, "Ẹ̀yin àfáà, ṣé kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ mọ́?"

Ohun tí Lẹ́mọ́mù ṣe sí i wù mí títí dòní. Wọn ò fi wàsí bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, pé kó wá bá wa sọ ohun tí ojú máa rí. Ọmọ náà jókòó sórí àga, ó fi ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀ ṣe bẹ́lítì ìjókòó, ó ń dì í, ó ń tú u. Ó ní bàálù máa pariwo kó tó gbéra, ariwo náà kì í ṣe àmì pé nǹkan bàjẹ́. Ó ní etí máa dí. Kí kálukú máa jẹ nǹkan lẹ́nu, kó máa gbé itọ́ mì. Ó ní inú òfurufú ní gegele tirẹ̀, bàálù lè máa gbọ̀n láìsí ewu. Ó ṣàlàyé ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn àti ibi tí omi ti ń jáde. Ìyá kan béèrè bóyá fèrèsé rẹ̀ ṣeé ṣí tí èèbì bá gbé èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó fa àpò bébà yọ, ó ní èyí ni wọ́n máa rí níwájú ìjókòó wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè nípa ọkọ̀ ilẹ̀ ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ owó ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Báńkì kò fún wa ní owó tútù lọ, ṣẹ́kì arìnrìn-àjò ni wọ́n fún wa. Ìwọ á buwọ́ lù ú lójú akọ̀wé báńkì nílé, nígbà tí o bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí ríyà ní Jẹ́dà, ìwọ á tún buwọ́ lù ú, ìbuwọ́lù méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Fún ẹni tí kò di kálàmù mú rí, iṣẹ́ ńlá ni. Mo gbé pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ mi wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, mò ń kọ́ àwọn tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn. Bí mo bá yíjú, wọ́n ń bú ara wọn: "Ìwọ wo ti ẹ, bí ẹsẹ̀ adìyẹ!" Àwọn tó gbọ́ kéwú nínú wọn ní àwọn kò ní kọ́ tòyìnbó kankan, lẹ́tà Lárúbáwá làwọn máa fi buwọ́ lù ú. Akọ̀wé báńkì kọ́kọ́ kọ̀, ó lọ bi ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní kò sí òfin tó ní ABD ni ìbuwọ́lù. Nígbà tí a dé Jẹ́dà, tí a tò sílẹ̀ níwájú agbowó, ó mú ṣẹ́kì àwọn oníkéwú wọ̀nyí, ó ka orúkọ wọn sókè ketekete, ó sì kí wọn. Ìbuwọ́lù tèmi tí mo fi òyìnbó rán kálá-kàlà-kálá, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní kí n tún un kọ. Àwọn bàbá náà kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí wọ́n fi dolóògbé.

Mo ti ń sún mọ́ ohun tó mú mi di kálàmù mú. Kò tí ì sí ẹnì kankan tó ti rí físà tí Lẹ́mọ́mù ti pín wa sí ẹni mẹ́rin-mẹ́rin. Àwo ni a ń pè é: àwo kìíní, àwo kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà nínú àwo kan jọ ní ìkòkò kan àti sítóòfù kan, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Gbogbo àwo ní ọ̀dọ́ kan, ó ní ẹnì kan tó gbọ́ kéwú, ó sì ní àgbà tí wọ́n máa tọ́jú. Àwọn obìnrin wà nínú àwo pẹ̀lú ọkọ wọn tàbí ọmọ wọn tàbí arákùnrin wọn, nítorí Sáúdí kì í gba obìnrin wọlé nígbà náà láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni Lẹ́mọ́mù fún wa: ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ sùn bí mẹ́rin kò bá pé. Wọn kò dúró di Mẹ́kà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òfin náà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Alásàrí, àwo kọ̀ọ̀kan ń jẹun pọ̀ nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé bàbá kan kì í jẹ ata, pé ìyá kan kì í gbọ́ràn dáadáa ní etí òsì, pé oníbínú ni ẹnì kan bí ebi bá ń pa á.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó to àwọn àga ilé kéwú pọ̀ láàárín ọgbà, a ó fi aṣọ dúdú bò wọ́n, a ó máa yí i ká lẹ́ẹ̀meje, ọwọ́ òsì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìdí igi ọsàn dé ìdí kànga ni Sáfà àti Màríwà tiwa, a ó lọ a ó bọ̀ títí yóò fi pé méje. Àwọn ọmọdé ń wò wá lórí ògiri. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo àfáà ló fara mọ́ irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tí a dé iwájú Kábà gidi, tí èrò ń tì wá síwá sẹ́yìn, ẹsẹ̀ àwọn àgbà wa ti mọ ibi tó ń lọ.

Ẹrù kò pọ̀, ó kàn wúwo ni. Àpótí páànù ni tiwa, a fi ọ̀dà funfun kọ IWO sí i lára, a sì so àjákù ankárá búlúù tí gbogbo ẹgbẹ́ fi rán aṣọ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ata gígún, àádùn àti kúlíkúlí ló wà nínú rẹ̀. Sítóòfù kẹrosíìnì wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká da epo inú rẹ̀ nù pátápátá, ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó má ṣe rùn. Àwọn ìyá rán àpò mọ́ inú tòbí fún ṣẹ́kì. Ìhárámù àwọn ọkùnrin, aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn, wà lọ́tọ̀ nínú báàgì ọwọ́, torí pé bàálù ń kọjá ààlà tí ó yẹ kí ẹni tó ń lọ sí hájì ti wọ ìhárámù kó tó balẹ̀ sí Jẹ́dà. Àwọn àfáà jiyàn lé e lórí: ṣé ká wọ̀ ọ́ láti Èkó, ṣé ká wọ̀ ọ́ lókè? Lẹ́mọ́mù ní kí a wọ̀ ọ́ láti Èkó, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa bọ́ra láàárín àga. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá wo bí eyín ṣe ń gbá ara wọn.

Kí a tó kúrò nílé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi san gbèsè. Ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ẹni tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá jẹ lówó kó bọ́ síta. Àbúrò bàbá mi ní ìjà ilẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ kan, wọn kì í kí ara wọn. Ó lọ bá a lálẹ́, èmi ni mo gbé àtùpà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò ju mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ náà ṣì wà nínú àríyànjiyàn láàárín àwọn ọmọ wọn, àmọ́ àwọn méjèèjì kí ara wọn títí ọjọ́ ikú wọn.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò tí ì sí, 1978 ni wọ́n ṣí i. Ìbàdàn, Ṣàgámù, Ìkòròdú la gbà. Pápákọ̀ ńlá tí wọ́n fi orúkọ Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù pè náà kò tí ì sí, ọdún 1979 nìyẹn. Ti àtijọ́ ní Ìkẹjà la lò, bàálù kò sì wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá. A sun orí ẹní, a dáná, a kírun, ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù kò rán ẹnikẹ́ni sí wa. Àwo wa ló gbà wá: ẹni tí gàrí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí jẹ ti ẹlòmíràn. Nígbà tó dé, tí a wọ̀ ọ́, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ lábẹ́ wa, ẹnu àwọn ìyá kún fún àádùn, wọ́n ń gbé itọ́ mì bí ọmọ mẹkáníìkì ṣe kọ́ wọn.

Ní Jẹ́dà, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa, wọ́n kó o fún aṣojú àwọn mùtáwìfù, ìyẹn àwọn ìdílé Mẹ́kà tó ń gba àlejò hájì láti ìran dé ìran. Kò sí ẹni tó tún fojú kan tirẹ̀ títí di ọjọ́ tí a fẹ́ wálé. Láti ìgbà náà lọ, ìwé kankan kò sí lọ́wọ́ wa tó sọ ẹni tí a jẹ́, àyàfi ankárá búlúù àti àwo wa. Ní Mínà, lẹ́yìn òkò jíjù, àwo kẹrin gbé ẹ̀bà kalẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ló sì jókòó tì í. Wọn kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀bà tí ariwo fi sọ: Ìyá tí kì í gbọ́ràn létí òsì ni kò sí níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó kù gba ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn ará Ìlọrin ló ti rí wọn, wọ́n rí ankárá, wọ́n ní èyí kì í ṣe tiwa, wọ́n sì mú wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ tiwọn kí ẹni tó ń wá wọn lè tètè rí wọn. Ẹ̀bà náà ti tutù kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Àwọn nǹkan kan dára jù lóde òní, mi ò ní parọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé tiwa, ní oṣù kejìlá 1975, iná agolo gáàsì kan jó àgọ́ ní Mínà, ó pa nǹkan bí igba èèyàn. Ní 1997 iná tún jó níbẹ̀, èèyàn 343 ló bá a lọ, lẹ́yìn náà ni Sáúdí tó fi àgọ́ tí iná kì í jó rọ́pò gbogbo rẹ̀. Pápákọ̀ hájì tí wọ́n ṣí ní Jẹ́dà lọ́dún 1981, tí Fazlur Khan ẹlẹ́rọ ọmọ Bẹ́ńgálì wà lára àwọn tó ya á, ní òrùlé aṣọ tó tẹ́ lọ bí àgọ́; àlejò kì í jókòó sínú oòrùn mọ́. Ìgbóná ti tán láyé láti 1980. Àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ̀ẹ̀kan ti tó títí ayé. Wọ́n fi ti àrùn lọ́rùnlọ́rùn kún un lẹ́yìn èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní hájì ọdún 1987. Àjọ hájì ìjọba àpapọ̀ tòde òní ti wà láti 2006, físà ń gba orí fóònù wá, obìnrin sì lè bá ẹgbẹ́ lọ láìsí ọkọ tàbí arákùnrin.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi obìnrin bá ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan lọ láìpẹ́ yìí, owó tó san pọ̀ kọjá sísọ. Pápákọ̀ ló ti kọ́kọ́ rí àwọn tí wọ́n jọ máa sun yàrá kan. Ní Mẹ́kà, obìnrin kan nínú yàrá náà ṣubú lóru. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe é, kò sí ẹni tó mọ ibi tí oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì, fóònù rẹ̀ sì ní títì tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí. Orí ló yọ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi ní, "Bàbá àgbà, gbogbo nǹkan ni wọ́n ṣètò fún wa." Mo ní kí ló dé tí wọn kò ṣètò èèyàn fún yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń sanwó Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù tàbí ibikíbi tí èrò ti ń wọ́ lọ, ẹ béèrè orúkọ àwọn tí ẹ jọ máa sùn yàrá kan kí ẹ tó sanwó tán. Ẹ pè wọ́n. Ẹ jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ẹ mọ ẹni tí oògùn ń bẹ lára rẹ̀, ẹ mọ ibi tó ń kó o sí, kí ẹ sì mọ ẹni tí kò gbọ́ èdè mìíràn lẹ́yìn Yorùbá. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ní àwọn kò tí ì mọ ẹni tí yóò bá yín sùn, ẹ ní kí wọ́n wá a mọ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ ìpàdé.